Ọgbà Tí Ìyé Gbìn Mọ́ Ilé

Ìyá tó bí ìyá mi kì í jẹ́ kí àlejò yin ilé wọn láti ojú títì. Bí ẹnìkan bá dúró níta, tó ń wo páànù orí ilé àti ọ̀dà funfun ara ògiri, tó ní, "Màmá, ilé yìí mà dára o," wọn á kàn rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "O ò tíì rí i." Wọn á di ọwọ́ àlejò náà mú, wọn á mú un gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata àti ewúro ti ń bá ara wọn gbé bí ọmọ ìyá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé àga fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bu omi fún un mu.

Wọn á ní, "Iwájú ilé, ti àwọn tó ń kọjá lọ ni. Ẹ̀yìn ilé ni ti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀."

Ìyé ni a ń pè wọ́n, bí àwa ará Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Ajue ni wọ́n bí wọn sí, Odigbo ni wọ́n lọ́kọ sí, Odigbo náà ni wọ́n sì kú sí nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, ní arúgbó, lórí ibùsùn ara wọn. Níbi ìsìnkú, àwọn ará ìjọ aládùúrà tí wọ́n ń lọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ bí Ìyé ṣe ń gbààwẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìsọ́ òru, bí àdúrà wọn ṣe mú kí abiyamọ yìí àti abiyamọ tọ̀hún bí wẹ́rẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó láàárín ẹbí, etí mi ń dúró de ẹnìkan tí yóò dárúkọ ọgbà, ẹni náà kò dìde. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Kì í ṣe ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí èmi ò sí níbẹ̀ nígbà ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, láàárín àwọn ọdún tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní kékeré. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ nígbà náà. Ìyá mi ń se oúnjẹ tà fún àwọn awakọ̀ ní Ore, ariwo ibẹ̀ pọ̀, ó wá ní kí n lọ máa gbé ní Odigbo lọ́dọ̀ Ìyé àti Bàbá kí n lè ráyè kàwé.

Bàbá, ọkọ Ìyé, ló kọ́ ilé náà. Kòkó ń tà dáadáa, Bàbá sì ní oko kòkó tó tóbi. Wọ́n wó ilé amọ̀ tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, wọ́n fi páànù bò ó. Mi ò tíì gbọ́n nígbà yẹn, ìyá mi ló sọ fún mi. Ó ní ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé, pásítọ̀ gbàdúrà, èèyàn jẹ, èèyàn mu. Nígbà tó di ọ̀sán, inú ilé gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Bàbá jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, òógùn ń ṣàn ní ojú wọn, wọn ò sì gbà pé ooru ń mú àwọn. Ìyé ká ẹní wọn, wọ́n gbé ìrọ̀rí lé e, wọ́n padà sínú ilé ìdáná amọ̀ tó wà lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ àdúgbò. Wọ́n ní ìyàwó kọ ilé ọkọ rẹ̀, ilé tuntun, ilé páànù. Àwọn àgbà ẹbí Bàbá péjọ, wọ́n pe Ìyé síta, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí ọkọ wọn ṣe fún wọn.

Ìyé kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò kọ ilé ọkọ mi. Ilé náà ni kò tíì parí."

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn wo òrùlé títí, ó wo ògiri, ó ní, "Kí ló kù níbẹ̀?"

"Ìbòòji ló kù."

Bí Ìyé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbin igi fúrúùtù sí apá ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń na ògiri, wọ́n gbin ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Wọ́n bẹ bíríkìlà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùnmọ́nù, pé kó la fèrèsé sí ògiri ẹ̀yìn, ní ọ̀kánkán èyí tó wà níwájú, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà wọlé, kó sì rí ọ̀nà gbà jáde. Bàbá jẹ́ kí ó là á, ìyá mi ní bóyá nítorí pé wọ́n ti ń dá nìkan sùn ni. Nígbà tí fúrúùtù na ẹ̀ka kọjá òrùlé, Ìyé ká ẹní wọn wọlé. Nígbà tí èmi fi dé ibẹ̀, èèyàn lè sùn nínú ilé náà ní ọ̀sán gangan kó gbàgbé ara rẹ̀.

Mo ti gbé inú ilé púpọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò tíì gbé inú èyí tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ mọ iṣẹ́ ara wọn bí ti Ìyé. Omi òjò tó bá bọ́ láti orí páànù, inú àgbá ló ń bọ́ sí. Bí àgbá bá kún, èyí tó bá ṣẹ́kù á gba ojú gọ́tà kékeré kan tí wọ́n fi ọkọ́ fà, á lọ sí ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Omi tí a fi wẹ̀ ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ìdí ata. Eérú ilé ìdáná ń lọ sí ìdí ilá. Bí mo bá fọ abọ́ tán tí mo da omi rẹ̀ sí ibi tí mo bá ti rí, Ìyé kì í nà mí. Wọn á kàn dúró, wọn á máa wo ibi tí omi náà ń ṣàn lọ títí ojú á fi tì mí.

"Omi tó bá kúrò nílé yìí láìṣiṣẹ́," wọn á ní, "olè ni."

Wọn kì í gbin nǹkan sí ibi tó bá kàn ṣófo. Efinrin, ata, àti ewúro wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, èèyàn lè na ọwọ́ ja wọ́n bí ọbẹ̀ bá ti ń hó lórí iná. Ẹ̀gẹ́ tí a kì í wà lójoojúmọ́ wà lọ́hùn-ún, ní ìdí ọgbà. Èèyàn lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn obìnrin tó ń sáré gba àárín òjò kọjá nítorí ewé efinrin méjì péré. Ìyé ní, "Ohun tí ọwọ́ ń wá lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kì í rìn jìnnà tọ̀ ọ́."

Ọgbà yìí náà ni ilé àdúrà wọn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ìrì tó gbẹ, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á máa rìn láàárín àwọn ewé, wọ́n á máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní èdè Ajue, kíkan kíkan, bí ẹni ń bá aládùúgbò jà lórí ààlà. Bí wọ́n bá rí koríko láàárín ẹ̀fọ́, ẹnu wọn kò ní dákẹ́, ọwọ́ wọn á sì lọ síbẹ̀. "Olúwa, ṣàánú Ṣadé ọmọ mi ní Ore," wọn á fa koríko kan. "Mú ẹsẹ̀ àwọn awakọ̀ tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ dúró," wọn á fa òmíràn. Nígbà tí wọ́n bá ṣe àmín, ilẹ̀ á ti mọ́. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n bóyá Ọlọ́run kì í bínú pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ níwájú òun. Wọ́n rò ó dáadáa kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Inú ọgbà ló kọ́kọ́ fi èèyàn sí. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ kì í tán níṣẹ́."

Àwọn èèyàn ń wá wọn wá tí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé. Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Omifunfun, àgbẹ̀ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ó ní kí Ìyé bá òun wo ilẹ̀ tí òun fẹ́ kọ́lé sí. Ọjọ́ Sátidé ni, Ìyé mú mi dání. A débẹ̀. Wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, wọ́n jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí, wọ́n ń wo ibi tí òjìji ń lọ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ewé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fi igi fa ìlà sílẹ̀: yàrá nìyí, pálọ̀ nìyí, ibi tí òun máa gba àlejò nìyí. Ìyé jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?" ni wọ́n bi í. "Níbo ló máa jókòó sí bó bá ń bó ẹ̀gẹ́?"

Ọkùnrin náà wo gbogbo ìlà tó fà. Kò rí ibì kankan. Ó rẹ́rìn-ín, Ìyé náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Padà sílé. Bi ìyàwó rẹ kí o tó bi bíríkìlà."

Mo ti sọ pé Bàbá ló kọ́ ilé. Ohun tí mi ò tíì sọ ni pé Bàbá fẹ́ràn ohun tó bá ń dán, ju bí Ìyé ṣe fẹ́ràn ohun tó bá ń hù. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n dúdú, wọ́n máa ń kí gbogbo èèyàn lójú títì. Ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ rí ẹrẹ̀. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, Bàbá ti ṣèlérí fún àwọn ará àdúgbò pé ilé àwọn ni wọ́n ti máa ṣe àríyá lọ́jọ́ náà. Wọ́n sì ti rí àgbàlá oníkòkó kan ní Ore tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyé lọ kí àwọn ẹbí wọn ní Ajue. Ẹ̀yìn wọn ni Bàbá pe Sùnmọ́nù bíríkìlà. Wọ́n gé ọsàn ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, wọ́n hú koríko ọba tí Ìyé gbìn yí ẹsẹ̀ ilé ká nítorí ẹ̀fọn, wọ́n hú ata, wọ́n hú efinrin. Fúrúùtù nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí Bàbá mọ bí ooru ọjọ́ ìṣílé ṣe rí. Wọ́n wá da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ilé ìdáná, dé balùwẹ̀. Mo ti ilé ìwé dé, mo bá a. Ó tẹ́jú, ó ń dán. Ní òótọ́, lójú ọmọdé, ó dára.

Ìyé dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹrù epo lórí. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé bí ìṣe wọn, wọ́n sì dúró. Wọn ò sọ ẹrù kalẹ̀ kíákíá. Bàbá jáde sí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ṣadé, káàbọ̀. Ẹrẹ̀ ti tán nínú ilé wa."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ṣadé," ni Ìyé wí. "Níbo lẹ fẹ́ kí omi òjò máa gbà?"

"Á máa ṣàn lọ."

"Lọ síbo?"

Ìyé wá sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan sìmẹ́ńtì náà bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

"Ẹ ti bo ilẹ̀ lẹ́nu," ni wọ́n wí. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Ọjọ́ òmìnira dé. Wọ́n fún wa ní àsíá kékeré aláwọ̀ ewé àti funfun nílé ìwé, a sì ń fì í títí dé ilé. Ìyé ló se oúnjẹ, wọ́n jó pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ, ẹni tí kò mọ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan ń dùn wọ́n. Bàbá wọ bàtà tuntun tó ń dún kò-kò-kò lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ kí ó lè máa dún. Mi ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òjò tó tẹ̀lé e, omi kò rí ibi lọ, ó wọ yàrá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru tó ń jáde láti ara sìmẹ́ńtì ń gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé. Ìyé kì í sọ pé, "Mo sọ fún yín." Wọ́n kàn ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde láìsọ̀rọ̀, Bàbá á sì jókòó, wọ́n á máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ìjà ì bá sàn jù.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n kọ́kọ́ ń sọ pé èéfín ni, wọ́n tún ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ondo, àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní ó ti bàjẹ́ láti inú, kò ní ṣeé tún ṣe. Ìjọ gbààwẹ̀ fún wọn, wọ́n fi omi àdúrà fọ ojú wọn. Nígbà tí òjò máa fi parí lọ́dún náà, Bàbá kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Ìyé ní kí n máa fa Bàbá lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Mo nawọ́ sí wọn, wọ́n gbọn ọwọ́ mi dànù. "Ọmọdé kò ní máa fà mí kiri bí ewúrẹ́," ni wọ́n wí. Wọ́n fẹ́ dá rìn. Sìmẹ́ńtì náà ti hu nǹkan tútù aláwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀. Bàbá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbàà ní àárín àgbàlá tí wọ́n fi ṣe fáàrí, wọ́n fara pa ní ìbàdí. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jáde mọ́. Inú yàrá ni wọ́n ti ń jẹun, inú yàrá ni wọ́n ti ń tọ̀ sínú pó, wọ́n ń kọjú sí ògiri. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá wá kí wọn, wọ́n á ní kí n sọ pé àwọn ń sùn. Ìyé ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń wo ọkọ wọn bí wọ́n ṣe wo ilẹ̀ ọkùnrin Omifunfun yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyé wọ ọkọ̀ lọ sí Ore, wọ́n ra dígà kan bọ̀. Wọ́n wé gèlè mọ́ ìbàdí, wọ́n lọ dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n gbé dígà sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sìmẹ́ńtì.

Ariwo náà dé òpin àdúgbò. Àwọn èèyàn sáré wá, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ní Ìyé ń gbẹ̀san. Wọ́n ní Ìyé ti ń dúró de ọjọ́ tí ọkọ wọn ò ní lè rí ohun tí wọ́n bá ṣe. Pásítọ̀ wá, ó ní, "Màmá, ẹ ro ti Ọlọ́run." Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ore, ó sì dé pẹ̀lú omijé lójú.

"Ìyé, ohun kan ṣoṣo tó kù fún Bàbá tó lè fi yangàn nìyí," ni ìyá mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn."

Ìyé ní, "Ṣadé, bí o ò bá ní gbé òkúta, kúrò lójú ọ̀nà."

Ohùn Bàbá wá jáde láti inú yàrá. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

"Ìyá Ṣadé, kí lò ń fọ́?"

Ìyé dúró, wọ́n ń mí gúlegúle. "Ilẹ̀ yín ni, Bàbá Ṣadé."

Bàbá wá ní, "O dúró títí ojú mi fi fọ́."

Mo wo ojú Ìyé. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n lanu, mo rò pé wọ́n máa ṣàlàyé. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n tún gbé dígà. Títí dòní ni mo ń bi ara mi ìdí tí wọn ò fi sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ìyá mi rò pé agídí ni. Èmi rò pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lè má rí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí, wọn ò sì fẹ́ ṣe ìlérí tí kò ní ṣẹ fún ẹni tó ti pàdánù tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fọ́ ọ láti ọjọ́ dé ọjọ́, títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi bó. Sùnmọ́nù bíríkìlà tó tẹ́ ẹ ló wá ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, ó ní ojú ń ti òun láti máa gbọ́ ọ láti ilé òun. Ìyé fi àfọ́kù sìmẹ́ńtì náà to ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan, apá ọ̀tún àti apá òsì, láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ, wọ́n sì da iyanrìn sáàárín rẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ bó bá ti fẹ́ yà. Wọ́n gbin koríko ọba sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí dé balùwẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti yà sí ilé ìdáná, wọ́n gbin efinrin. Níbi tí ọ̀nà parí sí, kọjá balùwẹ̀ díẹ̀, wọ́n kan bẹ́ńṣì kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbin ọsàn wẹ́wẹ́ tì í. Wọ́n gbé àgbá omi kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì náà, kí ìró omi tó ń kán lè máa pe ẹni tó bá ń bọ̀.

Òjò rọ̀. Àwọn nǹkan hù. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn wọn gba fèrèsé ẹ̀yìn wọ yàrá Bàbá. Ìyé kò pè wọ́n. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ nǹkankan.

Òwúrọ̀ kan ni mo ń fọ abọ́ tí mo rí Bàbá lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n retí àfọ́kù sìmẹ́ńtì, iyanrìn ni wọ́n bá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n na ọwọ́, ọwọ́ wọn kan ewé. Wọ́n já a, wọ́n fi sí imú.

Ìyé ń gé ewúro lẹ́nu ilé ìdáná. Wọn ò dìde. Ohùn wọn tutù bí ẹni ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ lójoojúmọ́.

"Koríko ọba nìyẹn. Ẹ máa tẹ̀lé e. Bó bá tán, ẹ ti dé balùwẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn efinrin, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi."

Bàbá rìn. Wọ́n rọra ń rìn, wọ́n ń fi ọwọ́ pa ewé lára bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n dé ibi efinrin, wọ́n dúró. Omi wà lójú wọn, ojú tí kò ríran mọ́ náà ṣì ń sunkún.

"Mo rò pé o ń gbẹ̀san ni," ni wọ́n wí.

Ìyé wo ọ̀bẹ ọwọ́ wọn. "Díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀san ni," ni wọ́n wí. "Ìyókù, ọ̀nà ni."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú.

Ọgbà náà ni Bàbá gbé lo ìyókù ayé wọn. Wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń wá, ìjà òṣèlú tó gba ilẹ̀ Yorùbá kan nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà á ní ẹnu. Wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀ láti inú ewé tí aṣọ rẹ̀ bá fara kàn. Wọ́n ń já ata fún Ìyé, wọ́n ń fi ìka wá èyí tó pọ́n nítorí ó máa ń rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, ìyá mi sọ pé ọdún tí wọ́n fọ́jú ni ọdún tí òun rí bàbá òun tó sinmi jù. Ìyé gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Wọn ò sinmi. Wọ́n ráyè ni."

Mo dàgbà, mo di nọ́ọ̀sì, mo ń gbé ní Ìbàdàn. Ìgbà ìkẹyìn tí mo lọ kí Ìyé, ara wọn ti fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé. A jókòó lẹ́yìn ilé. Mo ń sọ fún wọn nípa ilé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí, bí omi ẹ̀rọ ṣe ń yọ nínú rẹ̀, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe mọ́, bí gbogbo fèrèsé rẹ̀ ṣe ní nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Níbo lo máa ń jókòó sí?" ni wọ́n bi mí.

"Orí àga ni, Ìyé."

"Mi ò béèrè ohun tí o ń jókòó lé. Ibi tí o ń jókòó sí ni mo béèrè."

Mo ronú ká gbogbo yàrá ilé náà, mi ò rí èsì. Ìyé fọwọ́ kan orúnkún mi, wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n wá a, bí mo bá rí i kí n wá sọ fún àwọn. Mo ní mo ti gbọ́. Ọyẹ́ dé, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò lè wọ yàrá. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó kọjú sí ẹ̀yìn, èyí tí n kì í ṣí. Ilẹ̀ tóóró kan wà níbẹ̀ láàárín ilé àti ògiri, máńgòrò aládùúgbò na ẹ̀ka bò ó. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo máa ń wà bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì ti gbin ewúro àti ata díẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ mi lè tó.

Mo ti rí i, Ìyé. Ẹni tí mo fẹ́ sọ fún ni mi ò rí.